Ìtọ́jú Iṣan Abẹ́ Kì í Ṣe ti Abiyamọ Nìkan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nínú gbogbo àìlera tí í máa bá obìnrin fínra, bóyá ni a fi lè rí èyí tí ìdákẹ́jẹ́ bò mọ́lẹ̀ tó àìlera àwọn iṣan tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ìbàdí, àwọn iṣan tí ó gbé àpò ìtọ̀ ró, tí ó gbé ilé ọmọ ró, tí ó sì gbé ìfun ńlá ró, tí a kì í sì í rántí pé wọ́n ń bẹ àfi ọjọ́ tí wọ́n bá kọ iṣẹ́. Bí abiyamọ bá ń jìyà rẹ̀, ó ṣì lè rí ẹni tí yóò fi ọ̀ràn náà lọ̀, nítorí gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé ìrọbí kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọge tí kò tíì mọ ọkùnrin, tàbí ìyàwó tuntun, tàbí ìyàwó ilé tí ó ń fi ojoojúmọ́ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Elédùmarè, tàbí ìyá àgbà tí kò bímọ rí láyé rẹ̀, kí ni yóò wí, ta ni yóò sì wí i fún? Nítorí àwọn wọ̀nyí ni mo ṣe gbé kálàmù, ohun tí mo sì fẹ́ kí ó yé wa kò ju ọ̀kan lọ: pé gbogbo obìnrin ni a bí iṣan wọ̀nyí mọ́, pé kò dìgbà tí obìnrin bá bímọ kí iṣan náà tó ṣàìsàn, àti pé ìtọ́jú tí ó wà fún un tọ́ sí ẹni tí kò bímọ gẹ́gẹ́ bí ó ti tọ́ sí abiyamọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Lagbé jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbègbè 6 tí ó para pọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ Ifangni, ilẹ̀ àwọn Ìfọ̀nyìn, ní ẹkùn Plateau ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àwọn 5 yòókù ni Banigbé, Daagbé, Ko-Koumolou, Tchaada àti Ifangni fúnra rẹ̀. Ibodè Nàìjíríà kò jìnnà sí wọn, ọjà, ìgbéyàwó àti ìbátan sì ti so ìhà ìhín àti ìhà ọ̀hún pọ̀ ju bí ààlà ìjọba ti lè yà wọ́n lọ. Ọ̀pẹ ni igi ọlá ní ilẹ̀ náà, ọ̀pẹ tí a ń rí epo, ẹmu, èkùrọ́ àti ìgbálẹ̀ lára rẹ̀, ọwọ́ àwọn obìnrin ni ó sì ń sọ èso rẹ̀ di owó. Àwọn ni ó ń ṣa ẹyìn, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n ń gún un, tí wọ́n ń fi omi fọ̀ ọ́ títí epo yóò fi léfòó, tí wọn yóò gbọ́n ọn sínú ìkòkò, tí wọn yóò sì tún un sè kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ. Omi tí iṣẹ́ yìí ń gbà kì í ṣe kékeré, orí obìnrin ni ó sì sábà máa ń gbé e wá.

Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan, bí ó bá kún fún omi, kìlógíráàmù 25 ni omi inú rẹ̀ nìkan wọ̀n, ti epo kò sì fi bẹ́ẹ̀ fúyẹ́ jù ú lọ. Ẹ fi ojú inú wo ọmọbìnrin ẹni ogún ọdún kan tí ó fẹ́ ru irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀: ó ká òṣùká sórí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹnìkejì rẹ̀ bá a di ẹrù náà mú, ó di èémí sínú, ó gbin, ó nà ró, ní ìṣẹ́jú akàn tí ó ń nà ró yẹn gan-an ni ìtọ̀ díẹ̀ já bọ́ sí i ní itan, tí ó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, tí ó fún ìró rẹ̀ le, tí ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ bí ẹni tí ohunkóhun kò ṣe. Kò bímọ rí, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì lọ́kọ. Láti ọjọ́ náà lọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkísà pelebe sábẹ́, kò ní í mu omi kí ó tó jáde nílé, yóò máa sá fún ijó níbi ìnáwó, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sì ń rẹ́rìn-ín àrínwókulẹ̀, òun yóò rọra fọwọ́ bo ẹnu, nítorí ó mọ ohun tí ẹ̀rín lè dá sílẹ̀.

Bí ó bá ṣèèṣì sọ ọ́, ohun tí yóò gbọ́ lè dùn ún ju àìsàn náà lọ. Àwọn kan yóò ní àtọ̀sí ni, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọkùnrin tí ó kó o ràn án. Àwọn mìíràn yóò ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọn a po àgbo fún un. Àwọn mìíràn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ yóò ní kí ó fara balẹ̀, pé bí ó bá lọ́kọ tí ó sì bímọ, ara rẹ̀ yóò tò. Òótọ́ ni pé àrùn inú ìtọ̀ lè mú kí ènìyàn máa tọ̀ lemọ́lemọ́ tàbí kí ìtọ̀ máa gbóná, nítorí náà ó dára kí a kọ́kọ́ yẹ ìtọ̀ wò nílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé kò sí àrùn níbẹ̀, kí a má ṣe tún máa ka ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ kò dá sí i lọ́rùn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ bíbí kì í ṣe oògùn ìtọ̀ tí ń jò. Kàkà bẹ́ẹ̀, oyún àti ìrọbí a máa di kún ẹrù tí iṣan náà ti ń rù tẹ́lẹ̀.

Kí ni àwọn iṣan wọ̀nyí gan-an? Egungun ìbàdí ènìyàn kò ní ìdí; ojú rẹ̀ là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí kò bá sí ohun tí Ẹlẹ́dàá tẹ́ sí ojú ìsàlẹ̀ náà, gbogbo ohun tí ó wà nínú ikùn wa ni ìbá máa wọ́ wálẹ̀ bí a bá ti dìde dúró. Iṣan ni Ó tẹ́ síbẹ̀, ìpele lórí ìpele, láti egungun iwájú lókè abẹ́ títí dé ṣóńṣó egungun ìdí lẹ́yìn, àti láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dé ẹ̀gbẹ́ òsì. Lára obìnrin, ọ̀nà 3 ni ó gba àárín wọn kọjá: ọ̀nà ìtọ̀, ojú ara, àti ihò ìdí. Àwọn iṣan yìí ni ó ń di àwọn ọ̀nà náà pa nígbà tí kò tíì tó àkókò, àwọn náà ni ó sì gbọ́dọ̀ dẹ̀ kí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tó lè jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kí nǹkan oṣù tó lè ṣàn, kí lọ́kọláya sì tó lè sún mọ́ra láìsí ìrora. Wọ́n tún ń bá èémí wa rìn: bí a bá mí sínú, wọ́n a rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, bí a bá mí síta, wọ́n a gbéra sókè, bí a bá sì húkọ́, tí a sín, tí a fò, tàbí tí a gbé ẹrù, wọ́n a yára fún ara wọn le kí agbára tí ó ti òkè wá má baà tú ọ̀nà ìtọ̀ sílẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí tí ó ń dúró de ìgbà tí obìnrin bá bímọ.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin. Ní ọdún 2002, Dókítà Gunhilde Buchsbaum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, tọ àwọn obìnrin kan lọ tí wọn kò bímọ rí, èyíinì ni àwọn sístà ìjọ Àgùdà, tí wọ́n ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ àìlọ́kọ. Àwọn 149 ni ó dá wọn lóhùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dàgbà, ìdajì wọn ni ó sì wí pé ìtọ̀ ń jò fún àwọn. Ní ọdún 2005, Buchsbaum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún wo tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin ní méjì-méjì, ìsọ̀rí 143, tí wọ́n ti kọjá ìgbà nǹkan oṣù, tí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bímọ tí èkejì kò sì bí. Nínú 100 àwọn tí kò bímọ, nǹkan bí 48 ni ìtọ̀ ń jò fún, nínú 100 àwọn tí ó bímọ, nǹkan bí 50. Bí a bá sì ní àgbà ni ó fà á, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọ̀dọ́: ní ọdún 1994, Ingrid Nygaard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà bi àwọn ọmọbìnrin eléré-ìdárayá 144 ní yunifásítì léèrè, àwọn tí ọjọ́ orí wọn sábà jẹ́ nǹkan bí ogún ọdún, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì bímọ rí, 40 nínú wọn ni ó jẹ́wọ́ pé ìtọ̀ a máa já lára àwọn nígbà tí àwọn bá ń ṣeré. Láàárín àwọn tí ń ta ìtàkìtì, tí wọ́n ń fò tí wọ́n sì ń já lulẹ̀, ó ju ìdajì lọ; láàárín àwọn tí ń gbá gọ́ọ̀fù, kò sí ẹyọ ẹnì kan. Èyí kò wí pé ìrọbí kì í mú nǹkan lọ lára obìnrin, nítorí ó ń mú un lọ dájúdájú, pàápàá nígbà èwe. Ohun tí ó wí ni pé ìrọbí kì í ṣe ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí àìlera yìí ń gbà wọlé.

Àwọn ẹnu ọ̀nà yòókù wọ́pọ̀ láàárín wa. Ẹrù wíwúwo tí a ń gbé lójoojúmọ́ láti kékeré, pàápàá bí a bá ń di èémí sínú gbé e, jẹ́ ọ̀kan. Ikọ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀ jẹ́ ọ̀kan, bí irú èyí tí èéfín ìdáná lè fà. Àìrígbẹ́yà tí ó mú kí ènìyàn máa gbin fún ìgbà pípẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Sísanra jù náà jẹ́ ọ̀kan. Ìyípadà tí ó ń dé bá ara nígbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró náà sì wà níbẹ̀. Àṣà tí a fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò rí ilé ìyàgbẹ́ tí ó mọ́ yóò di ìtọ̀ mọ́ra láti àárọ̀ títí di ìgbà tí ó bá padà délé; ìyá ọlọ́jà tí kò ní ẹni tí yóò fi àtẹ sílẹ̀ fún yóò ṣe bẹ́ẹ̀; ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù kí ìtọ̀ má baà dójú tì í, yóò máa lọ tọ̀ ní wákàtí wákàtí láìjẹ́ pé ó gbọ̀n ọ́n, títí àpò ìtọ̀ yóò fi gbàgbé bí a ti í kún. Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wó ilé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ìwọ̀nba nǹkan wọ̀nyí tí a kò kà sí ni ó ń wó iṣan lulẹ̀ bí a kò bá tètè dí wọn lọ́nà.

Ẹ̀yà kan ṣì wà nínú àìlera yìí tí ó yẹ kí a dúró tì díẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń tú ilé ká ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn rò pé bí iṣan abẹ́ bá ní àrùn, a jẹ́ pé ó ti dẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣan náà lè le jù, kí ó máa fún ara rẹ̀ mọ́ra tọ̀sán-tòru láìmọ bí a ti í tú u sílẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìlù dùndún mọ̀ pé awọ tí ó dẹ̀ jù kò lè fọhùn, bẹ́ẹ̀ ni awọ tí ó le kankan láìdẹ̀ kò lè fọhùn; ohùn wà nínú kí awọ lè le nígbà tí onílù bá fún un, kí ó sì lè dẹ̀ nígbà tí ó bá tú u. Obìnrin tí iṣan abẹ́ rẹ̀ bá le jù lè máa ní ìrora ní ìsàlẹ̀ ikùn, ní ẹ̀yìn ìbàdí àti ní egungun ìdí. Ìtọ̀ rẹ̀ lè máa jáde ní ìdákúrekú, kí ó sì máa ṣe é bí ẹni pé kò tán. Ìgbẹ́ lè ṣòro fún un. Àwọn tí nǹkan oṣù wọn sì ń mú ìrora kíkorò wá fún ọdún púpọ̀ a máa fún ibẹ̀ le láìmọ̀, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti í fún eyín pọ̀ nígbà tí ó bá ń dùn ún.

Níbi tí ọ̀ràn náà ti ń di ẹkún ni alẹ́ ìyàwó. A ti ná owó, a ti jó, a ti sin ìyàwó dé ilé ọkọ pẹ̀lú ẹkún ìyàwó àti àdúrà àwọn àgbà, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ bá sún mọ́ ọn, ara rẹ̀ a pa dé, kì í ṣe nítorí pé kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí agídí, bí kò ṣe pé iṣan náà fúnra rẹ̀ a sún kì láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìrora tí ó tẹ̀lé e a sì kọ́ iṣan náà láti tún sún kì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Oṣù a máa yí lu oṣù, àwọn ará ilé a máa retí oyún, ọ̀rọ̀ a sì di ti ọkọ ọ̀run, tàbí ti ẹni tí ó fi ọwọ́ ayé kàn án. Mo bẹ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn láti mọ̀ pé àìlera ara gidi ni èyí, pé àwọn oníṣègùn mọ̀ ọ́n, pé ó ní ìtọ́jú, àti pé ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó gba ìtọ́jú náà dáradára ni ó ń bọ́ nínú rẹ̀. Fífi agbára mú un kò lè tú u. Ńṣe ni yóò máa le sí i.

Ìtọ́jú náà kì í ṣe ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ní ọdún 1948, oníṣègùn àwọn obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Arnold Kegel, ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa bí a ti lè fi ìdárayá sọ iṣan abẹ́ tí ó ti rẹ̀ di alágbára padà, ó sì ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí ń fi agbára iṣan náà han obìnrin kí ó lè mọ̀ bóyá òun ń tẹ̀síwájú. Àwọn abiyamọ ni ó ní lọ́kàn jù lọ, ní ilẹ̀ Faransé pẹ̀lú, ẹ̀yìn ìbímọ ni a ti sábà máa ń darúkọ ìtọ́jú yìí. Bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi dà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó kan ẹni tí kò bímọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ti gbòòrò. Ní ọdún 2018, Chantale Dumoulin ti ilẹ̀ Kánádà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 31 jọ, tí ó kan obìnrin 1,817 ní orílẹ̀-èdè 14. Nínú àwọn tí ìtọ̀ ń já lára wọn bí wọ́n bá húkọ́ tàbí tí wọ́n bá gbé ẹrù, 56 nínú 100 àwọn tí ó ṣe ìdárayá iṣan abẹ́ ni ó wí pé àwọn ti bọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé 6 péré nínú 100 àwọn tí kò ṣe é ni ó lè wí bẹ́ẹ̀. Kò sí abẹ, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí oògùn tí a ń gbé mì.

Àwọn tí iṣẹ́ ìtọ́jú yìí wà lọ́wọ́ wọn ni àwọn tí ará Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní kiné, tí àwọn ará Nàìjíríà sì ń pè ní físíò. Ìbẹ̀rù ohun tí wọn yóò ṣe ni ó ń dá ọ̀pọ̀ obìnrin dúró, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ bá ọ sọ, ní ìkọ̀kọ̀: ìgbà mélòó ni o ń tọ̀ lójúmọ́, ìgbà mélòó ni ìtọ̀ ń jí ọ lóru, báwo ni ìgbẹ́ rẹ ti rí, irú ẹrù wo ni o ń rù, níbo ni ó ń dùn ọ́. Wọn yóò wo bí o ti ń mí, bí o ti ń dúró, bí ẹ̀yìn àti ìbàdí rẹ ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, bí o bá gbà fún wọn, tí kò sì sí ohun tí ó lòdì sí i, wọ́n lè fi ìka kan tí a fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà bò yẹ iṣan náà wò láti inú. Bí o kò bá gbà, kò sí ẹni tí ó lè fi tipátipá ṣe é. O lè ní obìnrin ni o fẹ́ kí ó tọ́jú rẹ, o lè mú ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ dání, o sì lè ní kí wọ́n dáwọ́ dúró nígbàkígbà. Fún ọmọbìnrin tí ó wà nílé, tí kò tíì mọ ọkùnrin, kò sí ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ pé láti inú ni wọn yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò: wọ́n lè wo bí iṣan ti ń gbéra láti ìta, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ tí a fi ń wo oyún wò ó láti orí ikùn. Ìbálé ọmọ kò sí nínú ewu.

Ìtọ́jú tí yóò tẹ̀lé e yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ti ẹlòmíràn, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí iṣan rẹ̀ dẹ̀ ni a ń kọ́ bí a ti í fún un le. Ẹni tí iṣan rẹ̀ le jù ni a ń kọ́ bí a ti í tú u sílẹ̀: mímí sínú dé ìsàlẹ̀ ikùn, nína ìbàdí àti itan, fífi ọwọ́ rọra tẹ ibi tí ó sún kì, àti lílo àwọn ọ̀pá kékeré dídán tí wọ́n tóbi ju ara wọn lọ díẹ̀díẹ̀, tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ yóò máa lò ní ìwọ̀n tí ara rẹ̀ bá gbà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹni tí iṣan rẹ̀ ti le kọjá ààlà, tí ó tún ń fún un le ní ìgbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́ nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kí ó ṣe é, lè máa fi epo pa iná. Àní láàárín àwọn tí ìdárayá náà tọ́ sí, ọ̀pọ̀ kì í ṣe é bó ti yẹ: ní ọdún 1991, Richard Bump àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ẹnu lásán kọ́ obìnrin 47 bí wọn yóò ti ṣe é, nígbà tí wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò, ìdajì péré ni ó ṣe é dáradára, ìdá kan nínú mẹ́rin sì ń ṣe é lọ́nà tí ó lè dá kún àìlera náà.

Ẹni tí a bá ti yẹ̀ wò, tí a sì ti sọ fún pé iṣan rẹ̀ nílò agbára, kò ní ṣòro fún un láti máa ṣe é nílé. Kí ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, kí ó ká orúnkún méjèèjì sókè. Kí ó ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ di ìsó mú níwájú àwọn àgbà, kí ó sì fa ìfúnpọ̀ náà wá síwájú bí ẹni tí ó fẹ́ dá ìtọ̀ dúró. Bí ó bá ṣe é re, yóò mọ̀ pé nǹkan gbéra sókè sínú. Kí ó má ṣe di èémí, kí ó má ṣe fún ìdí tàbí itan pọ̀. Kí ó dì í mú fún ìwọ̀n tí a fi lè rọra ka oókan dé aárùn-ún, kí ó sì tú u sílẹ̀ pátápátá fún ìwọ̀n kan náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà 8 ní ìjókòó kan, ìjókòó 3 lójúmọ́, fún oṣù 3 ó kéré tán, ni àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là sílẹ̀. Kí ó má ṣe sọ ọ́ di àṣà láti máa ṣe é lákòókò tí ó ń tọ̀ lọ́wọ́, nítorí ìyẹn lè kọ́ àpò ìtọ̀ ní àṣàkaṣà. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀sẹ̀ kan yóò parí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí ó bá àwọn obìnrin Lagbé mu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1998, Janis Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan ní Amẹ́ríkà kọ́ àwọn ìyá àgbà 27 kí wọ́n máa fún iṣan abẹ́ le kí wọ́n tó húkọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, ìtọ̀ tí ń já lára wọn dín kù gidigidi. Ohun kan náà ni a lè ṣe nídìí ẹrù. Kí ọmọbìnrin tí ó fẹ́ ru kẹ́ẹ̀gì kọ́kọ́ fa iṣan náà sókè, kí ó wá máa mí síta bí ó ti ń nà ró, dípò kí ó di èémí sínú kí ó sì gbin. Kí a bù lára omi náà bí ó bá wúwo jù. Kí ẹni méjì pawọ́ pọ̀ gbé ohun tí ó tó ẹni méjì gbé. Kí a jẹ ẹ̀fọ́, ilá àti èso, kí a mu omi tó, kí ìgbẹ́ má baà le. Bí a bá sì jókòó lórí àwo ìyàgbẹ́, kí a fi ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré kí orúnkún lè ga ju ìbàdí lọ. Kí a má ṣe fi òǹgbẹ wo ìtọ̀ tí ń jò, nítorí ìtọ̀ tí ó bá ki jù a máa yọ àpò tí ó wà nínú rẹ̀ lẹ́nu, yóò sì tún mú kí ìtọ̀ máa gbọ̀n wá lemọ́lemọ́.

Níbo ni a ó gbà lọ? Ilé ìwòsàn àgbègbè Lagbé ni ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́. Kí obìnrin bá agbẹ̀bí tàbí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì fún un ní ìwé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ilé ìwòsàn ti ẹkùn Sakété àti Ifangni wà ní Sakété. Ilé ìwòsàn ńlá ti Ouémé àti Plateau wà ní Àjàṣẹ́ tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ilé ìwòsàn yunifásítì Hubert Koutoukou Maga sì wà ní Kútọ̀nú. Fún àwọn tí ọ̀nà Nàìjíríà rọrùn fún, iṣẹ́ físíò ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 1945, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Ìgbòbì ní Èkó nítorí àwọn jagunjagun tí ó fara gbọgbẹ́. Láti ọdún 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni gboyè nínú rẹ̀, ẹ ó sì rí àwọn físíò ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Abẹ́òkúta, Èkó, Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀. Ibikíbi tí ẹ bá lọ, ẹ bèèrè ẹni tí ó kọ́ nípa iṣan abẹ́ obìnrin, nítorí kì í ṣe gbogbo kiné ni ó kọ́ ọ.

Àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kí a fi jáfara, tí ó yẹ kí a gbé lọ bá dókítà ní kíá: ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ tàbí nínú ìgbẹ́, ìtọ̀ tí ó kọ̀ láti jáde rárá, ibà tí ó bá ìrora ìtọ̀ rìn, ohun tí ó yọ láti ojú ara, tàbí kí abẹ́ àti itan kú tipiri, kí ẹsẹ̀ má lágbára, kí ènìyàn má sì mọ ìgbà tí ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ ń bọ́ lára rẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹni tí ó bá rí irú àmì wọ̀nyí, kí ó má ṣe jókòó ti ìdárayá.

Ẹ̀yin ìyá wa, ọlọ́mọge wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ bi wọ́n léèrè pẹ̀lú ìfẹ́, ẹ má ṣe fi àtọ̀sí dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ̀yin ọkọ, bí ara ìyàwó yín bá pa dé, ẹ má ṣe bínú, ẹ má ṣe fi agbára mú un, ẹ sin ín dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹni tí kò tíì bímọ ti ní ẹkún tirẹ̀ nínú. Ẹ má ṣe fi ẹ̀gàn kún un. Ẹ̀yin aláṣẹ ìlú àti ti ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìyàgbẹ́ tí ó mọ́, tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì ń tì, jẹ́ ara ìwòsàn fún àwọn ọmọbìnrin yín. Ìwọ obìnrin tí o sì ti ń fi àkísà sábẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, Àdùkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, ẹni tí a bẹ̀ kí a tó kẹ́, ìlera ni oògùn ọrọ̀: gba ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ ọ lọ lọ́sẹ̀ yìí, kí o sì la ẹnu rẹ sọ ọ́.